Ọ̀rọ̀ Ajé: Èló Ni Kí Onífọ́tò Gbà?

 

Lẹ́tà kan ni ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan tí ó ń ya fọ́tò ní Bàrígà. Ó ní kí n má ṣe dárúkọ òun, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ohun tí ó kọ kò gùn rárá. Ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, oṣù mẹ́sàn-án nìyí tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn ń wá, wọ́n sì ń yin iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n n kò rí owó. Oṣù mẹ́ta ni ó kù kí owó ṣọ́ọ̀bù pé. Owó àjọ ìyá mi ni mo fi ra kámẹ́rà. Ẹ bá mi wò ó, èló ni ó yẹ kí n máa gbà?"

Àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń yìn ín, kò sì rí owó! Mo ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Aránṣọ wà nínú rẹ̀, onígbàjámọ̀ wà nínú rẹ̀, olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Nítorí náà n kò kàn dá èsì lẹ́tà náà padà. Ní ọjọ́ Sátidé mo wọ ọkọ̀ dé Fọ́lá Àgórò, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ Bàrígà láti lọ fi ojú ara mi rí i.

Ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ tónítóní. Aṣọ funfun kan àti aṣọ aláwọ̀ eérú kan wà lára ògiri, iná méjì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ọmọkùnrin kan sì jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà, ó ń tún ojú ìyàwó kan ṣe. Fọ́tò tí ó wà lára ògiri dára dé ibi pé mo rò pé wọ́n gé wọn láti inú ìwé ìròyìn ni. Ìyá ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Bàrígà dé, níbi tí ó ti ń ta ata àti tòmátì. Wọ́n fún mi ní omi tútù, a sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Mo bi ọmọ náà pé, "Èló ni o ń gbà?"

Ó ní, "₦5,000 ni, sà. Wọ́n á mú fọ́tò mẹ́ta lọ pẹ̀lú fréèmù kékeré kan, màá sì fi gbogbo ìyókù ránṣẹ́ sórí fóònù wọn."

"Báwo ni o ṣe mọ̀ pé ₦5,000 ni?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tí ó wà ní òpópónà kejì, ó ní ₦6,000 ni òun ń gbà. Mo wá ní kí tèmi dín ní ₦1,000, kí oníbàárà lè yà sí ọ̀dọ̀ mi."

Mo bèèrè bóyá ó mọ̀ iye tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ń san fún ilé. Ìyá rẹ̀ ni ó dá mi lóhùn. Ó ní, "Ilé bàbá rẹ̀ ni, kò san nǹkan kan."

Ẹ ṣé ẹ rí nǹkan? Ẹni tí kò san owó ilé ni ẹni tí ó ń san owó ilé ń wò láti fi iye lé ọjà rẹ̀, ó tún wá gbà ju bẹ́ẹ̀ kéré. Iye tí aládùúgbò ń gbà dára láti mọ̀, kí á má ba à dà bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò sí lọ́jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni à á ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Mo yíjú sí ìyá. Mo ní, "Ìyá, bí ẹ bá gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan ní Mile 12, báwo ni ẹ ṣe ń mọ iye tí ẹ máa tà á?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá oníwèé ìròyìn, ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mi ni? Màá ro iye tí mo ra apẹ̀rẹ̀. Màá ro owó alábàárù, owó ọkọ̀ àti owó ìsọ̀. Lẹ́yìn náà màá da tòmátì sílẹ̀, màá ṣa èyí tí ó ti rà kúrò. Èyí tí ó dára ni ó máa san owó èyí tí ó rà. Ìgbà yẹn ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi tèmi lé e."

Mo ní kí ọmọ rẹ̀ tún un gbọ́: èyí tí ó dára ni ó máa san owó èyí tí ó rà. Níbo ni tòmátì tí ó rà wà nínú iṣẹ́ fọ́tò? Ó wà ní ọjọ́ Túsìdeé tí ẹnikẹ́ni kò yọjú. Ó wà ní ọ̀dọ̀ oníbàárà tí ó ní òun ń bọ̀ ní aago méjì tí kò sì dé mọ́. Ó wà nínú wákàtí méjì tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí oníbàárà kò rí, tí ó fi ń wí pé, "Ṣebí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni o fi yà mí?" Ó wà nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀, tí ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ìsàlẹ̀ bàtà, tí a kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ààrin ìyàwó.

Mo béèrè ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó ní òun kò ní, orí ni òun fi ń ṣe é. Mo sì sọ fún un pé àdúgbò tí ó wà yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni a gbọ́ pé ó fi orí ṣe irú rẹ̀ tí kò sì ṣìnà, èyíinì ni Alájọ Ṣómólú, Táíwò Olunaike, tí ó papòdà ní ọdún 2012. Bàbá yẹn ni a máa ń fi dá àṣà pé orí ẹni pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tí ó ta mọ́tò tí ó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn tí kò mọ̀dí rẹ̀ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Mọ́tò kò lè wọ ọ̀nà tóóró tí àwọn ìyá tí ń dá àjọ ń gbé, kẹ̀kẹ́ sì lè wọ̀ ọ́. Bàbá ta ohun tí ó ń náni lówó, ó ra ohun tí ó bá iṣẹ́ mu. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́ onífọ́tò tí ẹ ń yá owó ra lẹ́ńsì ńlá tí ẹ ó lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ gbọ́ o.) Ṣùgbọ́n ìwọ, ọmọ mi, kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo fa ìwé yọ, a sì jọ kọ ọ́. Mo yí àwọn iye náà padà díẹ̀ níbí kí ó lè rọrùn fún yín láti ṣírò, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí.

Kámẹ́rà, lẹ́ńsì, iná àti kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,440,000. Bí wọn yóò bá sìn ín fún ọdún mẹ́ta, a ó pín in sí oṣù 36, ₦40,000 lóṣù nìyẹn. Owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦600,000 lọ́dún, ₦50,000 lóṣù. Iná mànàmáná àti epo jẹnẹrétọ̀, ₦45,000. Dátà, owó ọkọ̀ àti owó ìpè, ₦25,000. Ọmọkùnrin tí ó wà nídìí kọ̀ǹpútà, ₦40,000. Ẹ ro ó pọ̀, ₦200,000 ni ó ń jáde lóṣooṣù kí onílé iṣẹ́ tó fi omi kan ẹnu.

A wá wo iye èèyàn tí ó ń wá. Ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun lè ya mẹ́ta lóòjọ́. Mo ní kì í ṣe iye tí o lè yà ni mo béèrè, iye tí o yà ni. A wo fóònù rẹ̀, a ka oṣù mẹ́ta tí ó kọjá: 28, 35, 42. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 105, tí a bá pín in sí mẹ́ta, èèyàn 35 lóṣù.

Èèyàn 35 ní ₦5,000 jẹ́ ₦175,000. Ìwé fọ́tò àti fréèmù ń gba ₦1,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦52,500 ti lọ. Ó ku ₦122,500. Ẹ yọ owó iná, dátà àti owó ọmọkùnrin yẹn, ₦110,000 ni. Ó ku ₦12,500. Iye tí ó ń rí lọ́wọ́ ní ìparí oṣù nìyí, ó sì ń rò pé èrè ni. Ní oṣù keje ọdún 2024 ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù di ₦70,000. Owó ọmọ yìí kò tó ìdá márùn-ún rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ tíì parí síbẹ̀. Nínú ₦12,500 yìí, a kò tíì yọ ₦50,000 owó ṣọ́ọ̀bù àti ₦40,000 tí ó yẹ kí ó máa kó jọ fún kámẹ́rà mìíràn. Nítorí pé ó ti san méjèèjì kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kò rí wọn mọ́. Nítorí náà kì í ṣe pé kò jèrè, ó ń pàdánù ₦77,500 lóṣooṣù. Ní oṣù mẹ́sàn-án, ₦697,500.

Ilé dákẹ́. Mo wá béèrè pé níbo ni ó ti ń jẹun. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni, sà."

Ẹ̀yin ará, ìyá alátà ni ó ń bá gbogbo oníbàárà yẹn san nínú owó fọ́tò wọn. Ẹni tí ó ṣe ọjọ́ ìbí ogójì ọdún, tí ó wọ léèsì wá, tí ó ní, "Ọmọ dáadáa, bá mi dín in kù," ìyá tí ó ń jí ní aago mẹ́rin lọ Mile 12 ni ó ń bá a san ìyókù, tí òun kò sì mọ̀.

A tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ó kọ owó iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ìgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ó tijú, ó kọ ₦60,000. Ìyá rẹ̀ gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n kọ ₦150,000. A fi kún ₦200,000, ó di ₦350,000. A pín in sí èèyàn 35, ₦10,000 ni orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. A fi ₦1,500 ti ìwé àti fréèmù kún un, ₦11,500. Ojú owó nìyẹn, èrè kò sí nínú rẹ̀. A fi ₦2,500 lé e fún ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ àti fún ìdàgbàsókè iṣẹ́. ₦14,000.

Ọmọ náà ní, "Háà, sà! Gbogbo wọn ni yóò sá lọ."

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sá díẹ̀. Bí mẹ́wàá bá sá lọ nínú 35, tí 25 kù, ₦350,000 ni yóò wọlé. Ẹ yọ ₦37,500 ti ìwé àti fréèmù, ẹ yọ ₦200,000 ti ṣọ́ọ̀bù, ₦112,500 ni yóò kù fún un. Ìgbà tí ó ń ya 35 kò rí nǹkan kan, ìgbà tí ó bá ya 25 yóò jẹun, yóò sì tún sùn. Èèyàn 16 péré lóṣù ti tó láti gbé ṣọ́ọ̀bù dúró. Mo ní kí ó kọ 16 yẹn sára ògiri níbi tí òun nìkan yóò ti máa rí i.

Àwọn kan lè wí pé ìlú le, kí ni onífọ́tò ń fi owó gọbọi lé iṣẹ́ sí. Òótọ́ ni pé ìlú le, ó sì le fún onífọ́tò náà. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo tí kò tó ₦200 ní Èkó di ₦488 ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní báńkì nígbà náà ti kọjá ₦1,400 nígbà tí ọdún 2024 fi dé ìdajì. Kámẹ́rà kì í hù ní oko Ìkòròdú. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á.

Ohun kan wà tí ó ti yí padà nínú iṣẹ́ yìí tí púpọ̀ nínú wọn kò fi sínú ìṣirò. Láyé ìgbà fíìmù, négátíìfù kì í kúrò lọ́wọ́ onífọ́tò. Ẹ̀yin àgbà ẹ rántí òǹtẹ̀ tí wọ́n máa ń lù sí ẹ̀yìn fọ́tò, orúkọ ilé iṣẹ́ àti àdúgbò rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ ọ̀kan, bí àna bá fẹ́ ọ̀kan, ọ̀dọ̀ onífọ́tò ni wọn yóò padà sí, yóò sì tún gba owó. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin ní ọdún 1968, kó négátíìfù rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ yẹn ni ó sì sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀ kí ó tó kú ní ọdún 2014. Ní òde òní oníbàárà yóò ní, "Sáà fi gbogbo rẹ̀ sórí WhatsApp fún mi," ó sì parí. Owó ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan tí ó kù yìí ni ó gbọ́dọ̀ ru gbogbo rẹ̀.

Mo sì bá a sọ̀rọ̀ èènì. Ìyá alátà mọ èènì. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bùn, ó ti wà nínú iye tí ó dá lé òkìtì ata kí oníbàárà tó dé. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ń fi fọ́tò 40 ṣe èènì lórí fọ́tò mẹ́ta! Mo ní kí ó yan mẹ́wàá tí ó dára jù, kí ó tún wọn ṣe, kí ó fi ránṣẹ́. Èyí tí ó bá lé ní mẹ́wàá, kí ó ní iye tirẹ̀. Seydou Keïta, onífọ́tò ńlá tí ó ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Bamako ní ilẹ̀ Màlì ní ọdún 1948, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń tẹ kámẹ́rà fún oníbàárà nítorí pé fíìmù wọ́n. Aṣọ ibùsùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ṣe aṣọ ẹ̀yìn, ó sì ní kóòtù, agogo ọwọ́ àti rédíò tí oníbàárà lè yá láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Kì í ṣe pípọ̀ fọ́tò ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí ó ṣe ń mú wọn jókòó, tí olúwarẹ̀ yóò fi gbọ́n, tí yóò fi dà bí ẹni ńlá, ni wọ́n ń san owó fún.

Ní ti dídúnàádúrà, kò sí bí a ṣe lè lé e kúrò ní Ṣómólú. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kí ó má ṣe dín owó kù láì dín nǹkan mìíràn kù. Kí ó ní oríṣi mẹ́ta. Ti ₦8,000: aṣọ kan, ogún ìṣẹ́jú, fọ́tò kékeré kan, kò sí fréèmù. Ti ₦14,000 bí a ti ṣírò rẹ̀. Ti ₦25,000: aṣọ méjì àti fọ́tò ńlá nínú fréèmù. Ẹni tí ó bá ní ₦14,000 pọ̀, kí ó fi ẹ̀rín tọ́ka sí ti ₦8,000. Kí ó gba ìdajì owó sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá ọjọ́. Ẹni tí ó ti san ₦7,000 kì í gbàgbé aago méjì. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kò sí nínú gbogbo èyí, owó ojoojúmọ́ ni, kí ó máa kọ ọ́ sí ojú ewé tirẹ̀. Bí ọmọ ìjọ tàbí ẹbí bá dé, kí ó kọ ₦14,000 sínú ìwé ẹ̀rí, kí ó wá fa iye tí ó fẹ́ fi ṣe wọ́n lóore kúrò ní ojú wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé oore ni.

Ó bi mí nípa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbé kámẹ́rà kiri ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Èkó ní Àkókà ní ọjọ́ ìgboyè-jáde, àti àwọn tí ń ya àlejò níbi òde láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ wọ́n, tí wọn yóò sì tẹ́ fọ́tò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí olúkúlùkù wá ṣa tirẹ̀. Ó ní wọ́n ń ba ọjà jẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọjà tiwọn yàtọ̀. Fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò bá rà ní ẹnu ọ̀nà yẹn, tòmátì rírà ni. Ewu tí wọ́n ń ṣe pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Kí ó fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ó kan yín. Ilé ẹ̀kọ́ kan ti pè é láti ya ọmọ 200 fún ayẹyẹ ìparí ọdún. Ó tọ́ kí iye ti ọmọ kọ̀ọ̀kan kéré, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ọmọ kan ń gbà, aṣọ ẹ̀yìn kan náà sì ni. Ní ₦1,500 lórí ọmọ kan, ₦300,000 ni. Bí fọ́tò kọ̀ọ̀kan bá ná an ní ₦400, ₦220,000 kù. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó mú ₦500 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá fún ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn olùkọ́ ya tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì gba owó lẹ́yìn ìsinmi. Èmi náà ti mú ṣọ́ọ̀kì rí, mo sì mọ̀ pé owó olùkọ́ kò tó. Síbẹ̀, àwìn oṣù mẹ́ta lórí iṣẹ́ ọmọ tí kò tíì san owó ṣọ́ọ̀bù, kò dára. Mo ní kí ó padà lọ bá wọn pé kí wọ́n san owó ìwé fọ́tò, ₦80,000, sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ìyókù sì wọlé lọ́jọ́ tí fọ́tò bá dé. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ̀.

Ìwé iye owó náà ni a kọ kẹ́yìn. Ṣómólú tí ó jẹ́ ilé ìtẹ̀wé wà nítòsí, nítorí náà kò sí ìdí láti fi ọwọ́ kọ ọ́ wúruwùru sórí páálí. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ó lọ sí òpópónà Ṣípéolú, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa pẹ̀lú fọ́tò mẹ́ta tí ó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ sí ibi tí ojú kọ́kọ́ ń bá.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá mo tún gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ èèyàn mẹ́rin wo ìwé náà, wọ́n kẹ́yìn sí òun. Méjì padà wá lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan mú ti ₦8,000, èkejì mú ti ₦14,000. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn kò tíì dá a lóhùn. Alájọ àdúgbò ti ń gba ₦2,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ fún owó ṣọ́ọ̀bù. Kò ní tó tán kí owó ilé tó pé, ṣùgbọ́n ó ti lọ bá onílé, onílé sì ti gbà kí ó san án ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo ní kí ó ya èmi náà, kí n lè fi fọ́tò tuntun sí orí ojú ewé yìí. Mo ní, "Àgbà ni mo jẹ́ sí ọ o, èló ni tèmi?" Kò dáhùn, ó kàn fi ìka tọ́ka sí ara ògiri. Mo yọ ₦7,000, ó kọ ìwé ẹ̀rí fún mi, ó ní kí n padà wá ní aago méjì ọjọ́ Tọ́sìdeé, kí n má ṣe wọ aṣọ funfun.